Ẹ Jẹ́ Ká Bèèrè Káàdì Àjọ Wa Lọ́wọ́ Onórébù



Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, nítorí èmi kò ní káàdì ẹgbẹ́ kankan. Káàdì tí mo ní kò ju méjì lọ: káàdì ìdìbò àti káàdì àjọ. Àárín káàdì méjèèjì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àjọ bẹ̀rẹ̀. Kò sí obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe ní Ìtòkú, ní Kútọ̀, ní Lafẹ́nwá tàbí ní Ọmídá tó ń dá àjọ láìní káàdì. Alájọ á dé láàárọ̀, á gba owó, á fàlà sí tìrẹ, á fàlà sí tìẹ. Bó bá di òpin oṣù, ẹ̀yin méjèèjì á jọ kà á. Bí ìlà kan bá dín, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé, "Alájọ tèmi mà dára o, ó fún mi ní ọṣẹ nígbà ọdún, n kò ní bi í léèrè owó mi mọ́." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kí wọ́n bá a wo orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe sí àjọ tó tóbi jù lọ nìyẹn, ìyẹn owó ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ojoojúmọ́ là ń dá a. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà wà níbẹ̀. Owó ìsọ̀ wà níbẹ̀. Owó tí dírẹ́bà ń san ní gáréèjì, tó sì ń lé e sórí owó ọkọ̀ wa, ó wà níbẹ̀. Kódà owó VAT tó wà lórí ọjà tó ń ti ilé iṣẹ́ ńlá wá, Àbújá ló ń gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ń pín in fún ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Àwa tí wọ́n ń sọ pé a kì í san owó orí, a ń san án láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ìgbà tó bá wá di pé ká bèèrè káàdì, a ó ní, "Onórébù wa mà dára o, ó fún wa ní ìrẹsì."

ÌWÉ TÍ MO KÀ

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi mọ̀ nípa ìwé yìí. Ìyá mi ta ẹ̀lùbọ́ ní Lafẹ́nwá títí ó fi dàgbà. Kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní owó ilé ìwé gíga tí yóò san fún ọmọ obìnrin. Ọdún 1979 ni wọ́n dìbò, tí Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ di gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú fi ìbò yàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ọdún kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Báyìí ni mo ṣe ka ìwé mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ìjọba ló fún wa. Èmi máa ń sọ pé àwọn ènìyàn kan ló jókòó, tí wọ́n kọ owó ẹ̀kọ́ sínú ìwé ìṣúná, tí àwọn kan sì na ọwọ́ sókè pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ìlà kan nínú ìwé ìṣúná ló sọ mí di ẹni tó lè ka ìwé ìṣúná lónìí.

Nítorí mo mọ̀ ọ́n kà, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lọ́jà. Ọmọ ọmọ mi ló bá mi wá ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ wa jáde lórí fóònù. Ẹ má rò pé nǹkan àṣírí ni o. Ìjọba ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti ìròyìn bí wọ́n ṣe ń ná owó náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. A kàn kì í wò ó ni.

Ẹ gbọ́ bí owó náà ṣe rí. Ìṣúná ọdún 2023 ní ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 472 náírà. Ti ọdún 2024 di bílíọ̀nù 703. Ti ọdún 2025 kọjá tírílíọ̀nù kan, ó di nǹkan bíi bílíọ̀nù 1,054. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní, "Háà, owó ti dé!" Ẹ fara balẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà, ẹ̀yin náà mọ iye tí ìrẹsì, epo àti òwú ìránṣọ gbà dé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́, kò sí ohun tó dúró síbi tó wà. Owó tó pọ̀ síi lórí ìwé lè máà ra ju èyí tó ń rà tẹ́lẹ̀ lọ. Àwa oníṣòwò la yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí owó inú àpótí ẹ bá di ìlọ́po méjì, tí owó ọjà tí o fẹ́ lọ rà náà di ìlọ́po méjì, kí lo jèrè?

Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwa ará ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ 3,751,140. Bí ẹ bá pín owó ìṣúná ọdún 2025 fún iye ènìyàn yẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bíi ₦281,000 fún odidi ọdún. A sì ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, nítorí náà kò ní tó iye yẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ògùn gbà láti san ní ọdún 2024 jẹ́ ₦77,000. Nítorí náà, gbogbo owó tí ìpínlẹ̀ kọ sílẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, títì, omi, owó oṣù òṣìṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá, kò tó owó oṣù mẹ́rin ẹni tó ń gba owó tó kéré jù. Owó tí kò tó nǹkan báyìí, ṣé ó yẹ kí náírà kan ṣòfò nínú rẹ̀?

Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ ká mọ̀. Owó inú ìwé ìṣúná kì í ṣe owó tó ti wà nílẹ̀. Ìrètí ni. Wọ́n kọ ọ́ pé a ó pa tó báyìí, a ó gbà tó báyìí láti Àbújá, a ó yá tó báyìí. Bí kò bá wọlé tó bẹ́ẹ̀, àwọn iṣẹ́ kan á dúró. Ta ni yóò pinnu èyí tí yóò dúró? Ibẹ̀ ni ẹni tó ní alágbàwí ti ń jẹ, tí ẹni tí kò ní fi ń wòran.

Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ìyá yìí, kí ló kàn wá pẹ̀lú bílíọ̀nù?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ní ọjà tí mo ti ń ránṣọ, tí n kò ní dárúkọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún wa ti bàjẹ́ tipẹ́. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, igbó ti bo iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ á lọ sí ilé àdáni lẹ́yìn ọjà, á san ₦100. Àwọn ìyá àgbà ò kì í fẹ́ mumi láàárọ̀ torí kí wọ́n má baà máa lọ. Aláboyún kan tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun ń lọ lóòjọ́. Kódà ká ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni, ₦200 lóòjọ́ nìyẹn. Bí a bá fi ọjọ́ 26 ná ọjà lóṣù, ó di ₦5,200. Lọ́dún, ₦62,400. Ẹ̀yin ẹ wò ó, owó orí nìyẹn o! Owó orí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé, tí obìnrin ń san nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn.

Ta ló ni iṣẹ́ yẹn? Kì í ṣe àánú ẹnikẹ́ni. Ìwé òfin ọdún 1999, ní àfikún kẹrin rẹ̀, sọ ọ́ ní kedere pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti dá ọjà, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò sílẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìwé tí gbogbo wọn fi ọwọ́ lé tí wọ́n fi búra.

Ẹ lè ní, bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìbílẹ̀, kí ló kan onórébù Òkè-Mọ́sàn? Ó kàn án dáadáa. Ìwé òfin kan náà ló ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ti Àbújá bọ̀ gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ní, pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò ṣòfin bí wọn yóò ti pín in. Lórí àpò yìí ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìbílẹ̀ tààrà. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà lórí bí wọn yóò ṣe mú un ṣẹ. Nítorí náà, bí onórébù bá dé ọjà tó ní ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò kan òun, ẹ sọ fún un pé ó kàn án.

ÌJÀ INÚ ẸGBẸ́

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Ìròyìn dé pé onórébù kan fẹ́ wá ṣe ẹmpáwámẹ́ǹtì. Wọ́n ní yóò pín ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta àti ìrẹsì. Àwọn kan ní ká dá owó jọ, ká ra aṣọ ẹgbẹ́ tí a ó fi pàdé rẹ̀. Èmi dìde, mo ní kó tó di pé a ra aṣọ, ẹ jẹ́ ká kọ̀wé pé nígbà tó bá dé, kó sọ fún wa iye tó wà nínú ìṣúná fún ọjà wa, àti iye tí wọ́n ti ná nínú rẹ̀.

Ìyálọ́jà wa wò mí. Ó ní, "Akọ̀wé, ìwé rẹ ti ń pọ̀ jù. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, kò wá mọ́ ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa ra ẹ̀rọ fún opó tó wà ní ìsọ̀ kejì sí ẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà le. Mo mọ opó tó ń sọ. Ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́, ẹ̀rọ tó fi ń lọ ata ti bàjẹ́, ó sì ń ná tọ́rọ́ kọ́bọ̀ tó ní sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá a lọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá fún un ní ẹ̀rọ lọ́la, ọmọ rẹ̀ á padà sílé ìwé. Ẹni tó bá ní kó má gbà á, ìkà ni. Nítorí náà mo ní, "Màmá, kó gbà á. Kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá fún gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan, ẹnì kan ni yóò lò ó. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀rọ, ká sì bèèrè káàdì."

Wọ́n pariwo lé mi lórí. A tú ká láìfẹnukò.

OHUN TÍ ASÒFIN ÀTIJỌ́ SỌ FÚN MI

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá kan gbé aṣọ wá fún mi pé kí n rán agbádá fún òun. Bàbá yìí ti ṣe aṣòfin rí, kì í ṣe lásìkò yìí o, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, oníbàárà mi ni. Bí mo ti ń wọn èjìká rẹ̀ ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìyá télọ̀, ẹ̀yin kàn máa ń bú wa ni. Ẹ ò mọ ohun tí ojú wa ń rí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó jókòó. Ó ní nǹkan mẹ́ta lòfin fi lé aṣòfin lọ́wọ́ lórí owó. Èkíní, gómìnà kò lè ná owó ìlú láìjẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Gómìnà á gbé ìwé ìṣúná wá, wọ́n á kà á, wọ́n á pín in fún àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba á wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ. Èkejì, ilé ní agbára láti pe ẹnikẹ́ni tó ń ná owó ìlú kó wá rojọ́ bó ṣe ná an. Ẹ̀kẹta, odítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ìwé owó wò, kó sì gbé ìròyìn rẹ̀ wá síwájú ilé.

Mo ní, "Bàbá, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo lẹ ṣe jù?"

Ó ní, "Èyí tí ẹ̀yin rán mi. Ìrẹsì."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, Ìyá. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà níbẹ̀, àwọn tó wá bi mí ní ọ̀rọ̀ ìṣúná kò tó ìka ọwọ́ kan. Àwọn tó wá gba owó ìsìnkú, owó ìkómọ, owó oògùn, owó ilé ìwé, n kò lè kà wọ́n. Kí n tó jí láàárọ̀, wọ́n ti kún iwájú ilé mi. Owó oṣù mi kò lè gbé e. Mo ní láti lọ bá àwọn tó ju mí lọ kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tó fún mi lówó tí mo fi gbà yín lálejò, ṣé èmi náà ni n ó tún dìde ní Òkè-Mọ́sàn tí n ó bi í pé kí ló fi owó títì ṣe?"

Mo dákẹ́ díẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá jẹ dódò kò lè sọ òdodo. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn látìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo rí ọ̀nà tí dódò náà ń gbà. Ó ń ti ọwọ́ ẹni tó wà lókè bọ́ sí ọwọ́ aṣòfin, ó ń ti ọwọ́ aṣòfin bọ́ sí ẹnu wa. Gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́, gbogbo wa la sì jọ dákẹ́.

Ṣùgbọ́n n kò gba gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ kò pé. Ẹni tó wá tọrọ owó oògùn lọ́wọ́ yín láàárọ̀, kí ló gbé e wá? Bí ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò rẹ̀ bá ní nọ́ọ̀sì àti oògùn, ṣé á wá? Ẹni tó wá tọrọ owó ilé ìwé, bí wọn ò bá gba owó oríṣiríṣi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, ṣé á wá? Ìṣúná tí kò ṣiṣẹ́ ló rán wọn wá sí iwájú ilé yín. Bí ẹ bá bi ẹni tó yẹ ní ìbéèrè ní Òkè-Mọ́sàn, èrò á dín kù lẹ́nu ọ̀nà yín."

Bàbá mi orí. Ó ní, "Ìyá télọ̀, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ogún péré wá bá mi nígbà náà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, bóyá n kì bá ti ṣe é. Ẹnì kan ò lè dá ṣe é. Aṣòfin tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn, wọ́n á kàn pa á tì ni."

Ọ̀rọ̀ tí mo mú nínú gbogbo ohun tó sọ nìyẹn.

ÀWỌN ÌYÁ WA TI ṢE É RÍ

Ẹ̀gbá ni wá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ Ẹ̀gbá bí wọ́n ṣe ń bèèrè owó ìlú. Kí àwọn òyìnbó tó gba ìjọba lọ́wọ́ wa ní ọdún 1914, Abẹ́òkúta ní ìjọba tirẹ̀, owó ẹnubodè ló sì fi ń ṣe ìlú. Nígbà tí òyìnbó gbé owó orí tuntun dé ní ọdún 1918, àwọn ọkùnrin gbé ìbọn, wọ́n tú irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Ogun Àdùbí nìyẹn. Wọ́n fi sójà pa á rẹ́, ẹ̀mí ṣòfò, owó orí sì dúró.

Owó orí ọ̀hún wá bọ́ sọ́rùn àwọn obìnrin náà. Láti ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin Ẹ̀gbá ti ń san tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ tàbí bàbá rẹ̀, obìnrin kò sì ní àga kankan nínú ìgbìmọ̀. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá wa láìsanwó. Ìgbà náà ni àwọn obìnrin ọjà pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti para pọ̀ di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n kọrin, pé ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin, wọ́n ní wọ́n lé ní 10,000, pàgọ́ sí ààfin Aláké. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé wọ́n tún gbé iṣẹ́ fún onímọ̀ ìṣirò owó kan pé kó yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà wò. Wọ́n kọ̀wé. Wọ́n ní kí wọ́n yọ owó orí kúrò lórí obìnrin, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, kí wọ́n fi owó ìlú ṣe omi, ìmọ́tótó, ìlera àti ẹ̀kọ́. Ẹ wò ó, ìṣúná ni wọ́n kọ yẹn! Àwọn ìyá tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kọ ìṣúná tiwọn, wọ́n gbé e lé ìjọba lọ́wọ́.

Ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Wọ́n yọ owó orí obìnrin ìgbà náà, obìnrin mẹ́rin sì wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú. Kábíyèsí padà sórí oyè ní ọdún 1950, n kò sì sọ ìtàn yìí láti fi bú ààfin. Mo sọ ọ́ kí a lè rí i pé ìbọn kò yanjú ẹ̀ ní 1918, àmọ́ ìwé owó, orin àti ìdúró papọ̀ yanjú ẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún.

OHUN TÓ YẸ KÁ BÈÈRÈ

Lọ́jọ́ ìpàdé kejì, ìtàn yìí ni mo sọ. N kò bá Ìyálọ́jà jà. Mo kàn ní, "Màmá, ṣé àwọn ìyá wa jẹun kí wọ́n tó lọ sí ààfin ni?" Ó ṣe díẹ̀ kó tó dáhùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Akọ̀wé, kọ ìwé ẹ. Àmọ́ kó má gùn." Ẹlẹ́ran kan ní ẹ̀yìn pariwo pé kí n má gbàgbé gọ́tà.

Ìwé náà kò gùn. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá dà á kọ, láti Ìfọ̀ títí dé Odẹ̀dá, láti Ewékorò dé Ọbáfẹ́mi-Òwódé:

Èkíní, kí ló wà fún àdúgbò wa nínú ìwé ìṣúná ọdún yìí, iye rẹ̀ sì mélòó?

Èkejì, nínú ti ọdún tó kọjá, èló ni wọ́n kọ sílẹ̀, èló ni wọ́n ná ní tòótọ́? Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, níbo ló wọlé sí?

Ẹ̀kẹta, ìgbìmọ̀ wo ni onórébù wa wà nínú rẹ̀, ta ni wọ́n sì ti pè láti wá rojọ́ owó láti ìgbà tó ti débẹ̀?

Ẹ̀kẹrin, kí ni odítọ̀ àgbà sọ nínú ìròyìn rẹ̀ tó kẹ́yìn, kí ni ilé sì ṣe sí i?

Ẹ má fi ìbínú bèèrè. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ kúnlẹ̀ bó bá jẹ́ àṣà yín, ẹ fún un ní omi tútù. Ṣùgbọ́n kí ìwé wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì jẹ́ ogún, kí ẹ má jẹ́ ẹnì kan. Bó bá dáhùn dáadáa, ẹ dúró tì í, nítorí òun náà nílò ẹni tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí àwọn alágbára bá ń pa á tì. Bó bá sì ní ọ̀rọ̀ owó kò kàn yín, ẹ rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá mú káàdì kejì jáde, ìyẹn káàdì ìdìbò.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé, ẹ má ní ti àwọn akọ̀wé ni. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ọdún 1859. Ìlú tó bí ìwé ìròyìn Yorùbá kò gbọdọ̀ máa sá fún ìwé. Ọmọ yín mọ̀ ọ́n kà. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń wo eré. Ẹ ní kó wá a jáde, kó kà á sókè níbi tí ẹ ti ń ṣa ẹ̀fọ́.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, a kò tíì rí èsì ìwé wa. Ẹ̀rọ tí onórébù ní òun yóò pín náà kò tíì dé. A kò ra aṣọ ẹgbẹ́ o. Owó tí a dá jọ fún un, a fi wẹ gọ́tà iwájú ìsọ̀ wa ní Sátidé tó kọjá, a sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wá wò ó. Ìpàdé wa mìíràn di Ọjọ́rú. Bí èsì bá dé, mo ṣèlérí pé n ó kọ̀wé sí yín, dídùn ni o, kíkan ni o.

Olódùmarè yóò fi ọgbọ́n sí àwọn tó ń ṣe àkóso wa lórí, yóò sì fi ìgboyà sí àwa náà lọ́kàn. Ó dàbọ̀ o.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Télọ̀, Abẹ́òkúta.